Láti Èkó sí Àkúrẹ́: Ibi tí ẹ ó sùn ni kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ó yẹ kí ó rí fún ẹni tí ó fẹ́ wa ọkọ̀ rìnrìn-àjò ọ̀nà jíjìn. Ibi tí ilẹ̀ yóò ṣú u sí ni kí ó kọ́kọ́ wò, kí ó tó mú ọjọ́ àti wákàtí tí yóò gbéra nílé. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Wákàtí tí ó bá rọ̀ wọ́n lọ́rùn ni wọ́n máa ń gbéra, ibi tí òru bá sì bá wọn, wọn a fi í sílẹ̀ fún Olódùmarè.

Ẹ wo bí ó ṣe máa ń rí lọ́jọ́ Ẹtì. Ìgbéyàwó tàbí ìsìnkú kan wà ní Àkúrẹ́ lọ́jọ́ Sátidé. Baálé ilé tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Èkó kò fẹ́ tọrọ àyè níbi iṣẹ́, nítorí náà ó di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ kí ó tó kó ìyàwó àti àwọn ọmọ sínú ọkọ̀. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ gba wákàtí méjì lọ́wọ́ rẹ̀ kí ó tó bọ́ sí òpópónà márosẹ̀ tí ó lọ sí Ìbàdàn. Ilẹ̀ ti ṣú kí ó tó ré kọjá Ìbàdàn. Ní nǹkan bí aago mẹ́wàá alẹ́, ó wà láàárín àwọn òkè tí ó wà láti Iléṣà dé Àkúrẹ́. Gbogbo ará ọkọ̀ ti sùn, òun nìkan ni ó lajú, ojú òun náà sì ti ń wúwo.

Ohun méjì ni baálé ilé yìí pàdánù. Èkíní ni pé ọ̀kan lára àwọn ọ̀nà tí ó rẹwà jù lọ ní ilẹ̀ Yorùbá ni ó gbà kọjá, kò sì rí nǹkan kan níbẹ̀ àfi iná ọkọ̀ tí ń bọ̀ níwájú. Èkejì ni ó burú jù: ó fi ẹ̀mí ara rẹ̀ àti ti ìdílé rẹ̀ wewu, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ohun tí ó fipá mú un. Bí ó bá gbéra ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì tí ó sì sùn sí ọ̀nà, yóò dé òde náà lọ́jọ́ Sátidé pẹ̀lú ara tí ó dá ṣáká.

Ìdí tí òru fi yàtọ̀ sí ọ̀sán

Àwọn kan gbà pé òru dára láti rìn nítorí pé ọkọ̀ kì í pọ̀ lójú ọ̀nà, oòrùn kò sì mú. Ẹ jẹ́ kí a fi ìṣirò wò ó. Ọkọ̀ tí ó ń sá ní kìlómítà 100 láàárín wákàtí kan máa ń rìn tó nǹkan bí mítà 28 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan péré. Bí awakọ̀ bá tòògbé fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin, ọkọ̀ ti rìn ju mítà 110 lọ láìsí ẹni tí ó ń darí rẹ̀. Ìyẹn jìn tó gígùn pápá bọ́ọ̀lù.

Ti iná ọkọ̀ tún wà níbẹ̀. Bí a bá tẹ iná sílẹ̀ kí ó má baà wọ ẹni tí ó ń bọ̀ lójú, kì í sábà tàn kọjá nǹkan bí mítà 50 níwájú. Ọkọ̀ tí ó ń sá ní kìlómítà 100 kò sì lè dúró láàárín mítà 50, bí ó ti wù kí búréèkì rẹ̀ dára tó. Ìtumọ̀ èyí ni pé bí tírélà kan bá bàjẹ́ sójú ọ̀nà, tí kò ní iná lẹ́yìn, tí ẹni tí ó ni ín sì kàn já ewé igi lé ojú ọ̀nà láti fi kìlọ̀ fún àwọn tí ń bọ̀, nígbà tí awakọ̀ bá fi máa rí i, ẹ̀pa kò bóró mọ́.

Bákan náà, àwọn onímọ̀ ti ṣe ìwádìí tí ó fi hàn pé ẹni tí ó ti wà lójúfò fún nǹkan bí wákàtí 17 láìsùn máa ń hùwà bí ẹni tí ó ti mu ọtí díẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ kì í yá mọ́, ọkàn rẹ̀ kì í sì tètè mú ìpinnu. Ẹni tí ó jí ní aago márùn-ún ìdájí láti lọ sí ibi iṣẹ́ ti pé wákàtí 17 ní aago mẹ́wàá alẹ́. Orin líle àti obì tí ó ń jẹ kò lè ṣe iṣẹ́ oorun fún un.

Ohun tí ó wà lójú ọ̀nà náà

Láti Èkó dé Ìbàdàn tó nǹkan bí kìlómítà 130. Láti Ìbàdàn, ọ̀nà gba Ìkirè àti Gbọ̀ngán lọ sí Ilé-Ifẹ̀, ó sì tún tó nǹkan bí ọgbọ̀n kìlómítà láti Ifẹ̀ dé Iléṣà. Títí dé ibẹ̀, ilẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ga. Lẹ́yìn Iléṣà ni ojú ayé yí padà. Òkè á máa yọ lọ́tùn-ún lósì, igbó á máa dúdú, atẹ́gùn á sì máa tutù bí ọkọ̀ ti ń pọ́n òkè.

Ní Ìkirè, ẹ ó rí àwọn tí ń ta dòdò Ìkirè, ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ó ti pọ́n rọ̀ tí wọ́n gún pọ̀ mọ́ ata kí wọ́n tó dín in títí tí ó fi dúdú. Ní Ifẹ̀, Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn, òkúta tí ó ga ju mítà márùn-ún lọ, wà fún ẹni tí ó bá fẹ́ fi wákàtí kan na ẹsẹ̀.

Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, tí ó wà lẹ́yìn Iléṣà, ni omi Olúmirin wà. Ìpele méje ni omi yìí fi ń já ṣọ̀ọ̀rọ̀ láti orí òkè wá sílẹ̀. Ìtàn ìlú náà sọ pé Akínlà, tí ó jẹ́ ọmọ ọmọ Odùduwà, ni ó kọ́kọ́ rí i nígbà tí òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ń wá ibi tí wọn yóò tẹ̀dó sí. Ìpele àkọ́kọ́ kò ṣòroó dé fún àgbàlagbà àti ọmọdé. Àwọn ìpele òkè lọ́hùn-ún ni ó ń fẹ́ ẹsẹ̀ líle àti bàtà tí kì í yọ̀.

Lẹ́yìn èyí ni Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, ìlú orí òkè tí a mọ̀ fún iṣẹ́ ọnà igi gbígbẹ́, àti Ìkógòsì ní ìpínlẹ̀ Èkìtì. Ní Ìkógòsì, ìsun omi gbígbóná àti ìsun omi tútù ń ṣàn lọ ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn títí wọ́n fi pàdé. Ẹni tí ó bá dúró síbi ìpàdé yìí lè ki ẹsẹ̀ kan bọ èyí tí ó gbóná, kí ó ki èkejì bọ èyí tí ó tutù. Ìtàn ìlú náà sọ pé ìyàwó ọdẹ kan ni àwọn méjèèjì, pé onínúfùfù ni ọ̀kan, oníwà pẹ̀lẹ́ sì ni èkejì.

Ẹ ka wákàtí padà sẹ́yìn

Ọgbọ́n tí ó wà nínú ìrìn-àjò báyìí ni pé kí a má ṣe bẹ̀rẹ̀ ìṣirò láti ilé. Láti ibi tí a ó sùn ni kí a ti bẹ̀rẹ̀, kí a sì máa ka wákàtí padà sẹ́yìn. Ní ilẹ̀ Yorùbá, láàárín aago mẹ́fà ààbọ̀ sí aago méje ni oòrùn máa ń wọ̀ yíká ọdún. Bí ó bá jẹ́ Ìkógòsì ni ẹ fẹ́ sùn, ẹ fi aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ṣe òpin. Wákàtí kan ààbọ̀ tí ó kù kí ilẹ̀ tó ṣú, ti táyà tí ó jò tàbí òjò tí ó ká yín mọ́nà ni.

Kí ẹ tó lè dé ní aago márùn-ún, ẹ gbọ́dọ̀ kúrò ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà ní aago mẹ́rin. Bí ẹ bá fẹ́ lo wákàtí méjì nídìí omi, aago méjì ọ̀sán ni kí ẹ dé ibẹ̀. Kí ẹ lè dé ibẹ̀ ní aago méjì, ẹ kúrò ní Ifẹ̀ ní aago méjìlá ààbọ̀. Bí ẹ bá lo wákàtí kan ní Ifẹ̀, aago mọ́kànlá ààbọ̀ ni kí ẹ dé ibẹ̀, aago mẹ́wàá sì ni kí ẹ fi Ìbàdàn sílẹ̀. Láti Èkó dé Ìbàdàn, bí a bá ṣírò súnkẹrẹ-fàkẹrẹ àti oúnjẹ àárọ̀ mọ́ ọn, ẹ fún un ní wákàtí mẹ́rin. Aago mẹ́fà òwúrọ̀ ni ìṣirò náà gbé wa dé. Ẹni tí ó bá ń gbé ní Ìbàdàn lè sùn títí ilẹ̀ yóò fi mọ́ dáadáa.

Ẹ kíyè sí ọjọ́ tí ẹ mú pẹ̀lú. Bí ọjọ́ Ẹtì àkọ́kọ́ nínú oṣù bá pé, èrò máa ń pọ̀ lójú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn nítorí àwọn tí ń lọ sí ìsìn òru. Ìparí ọ̀sẹ̀ ọdún Àjíǹde, ọdún Iléyá àti ọ̀sẹ̀ tí ó ṣáájú Kérésìmesì kò yàtọ̀. Bí ẹ bá gbọ́dọ̀ rìn ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ẹ fi wákàtí kan tàbí méjì kún ìṣirò yín.

Ó ku òfin méjì tí ó yẹ kí gbogbo ará ọkọ̀ ti fohùn ṣọ̀kan lé lórí kí wọ́n tó gbéra, kí ó má baà di àríyànjiyàn lójú ọ̀nà. Òfin kìíní: bí aago mẹ́ta bá lù tí ẹ kò tíì dé Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, ẹ fi omi Olúmirin sílẹ̀ di ìgbà mìíràn, kí ẹ máa lọ tààrà sí ibi tí ẹ ó sùn. Òfin kejì: bí aago mẹ́rin bá lù tí ẹ kò tíì dé Iléṣà, Ifẹ̀ tàbí Iléṣà ni kí ẹ sùn. Òtẹ́ẹ̀lì wà ní ìlú méjèèjì, ilé epo àti ilé ìwòsàn sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Kí ẹ san owó yàrá tí ẹ kò ní í lò ní Ìkógòsì sàn ju kí ẹ máa pọ́n òkè nínú òkùnkùn nítorí owó náà.

Bí a ṣe ń yan ibùsùn

Ilé ìgbàlejò wà nínú ọgbà ìsun omi Ìkógòsì fúnra rẹ̀. Àwọn míṣọ́nnárì ìjọ Onítẹ̀bọmi láti Amẹ́ríkà ni ó kọ́kọ́ sọ ibẹ̀ di ibùdó ìsinmi ní nǹkan bí ọdún 1950 sí 1960. Ṣùgbọ́n níbikíbi tí ẹ bá fẹ́ sùn, ẹ má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé àwòrán tí ẹ rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwòrán kì í sọ ọjọ́ tí wọ́n yà á. Ẹ pe ibẹ̀ lórí fóònù ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, kí ẹ sì tún pè ní ọjọ́ tí ó ṣáájú ìrìn-àjò.

Àwọn ìbéèrè tí ó yẹ kí ẹ bi wọ́n kò pọ̀. Ṣé owó tí wọ́n dá lé yàrá ni tàbí orí ẹnì kọ̀ọ̀kan? Bí iná ìjọba kò bá sí, láti aago mélòó sí aago mélòó ni wọ́n ń tan jẹnẹrétọ̀? Ṣé omi ń yọ nínú yàrá, tàbí inú báàgẹ́ẹ̀tì ni wọn yóò gbé e wá? Ibo ni ọkọ̀ yóò sùn, ṣé odi yí i ká, ṣé ẹ̀ṣọ́ sì wà lẹ́nu géètì títí ilẹ̀ yóò fi mọ́? Ṣé wọ́n ń se oúnjẹ alẹ́, tàbí ó di dandan kí àlejò ti sọ fún wọn láti ọ̀sán? Ìbéèrè tí ó gbẹ̀yìn yìí ni àwọn ènìyàn máa ń gbàgbé jù. Ní ìlú kékeré, ẹni tí ó dé ní aago mẹ́jọ alẹ́ láìsọ tẹ́lẹ̀ lè fi gààrí mu omi sùn.

Ti owó sísan, ẹ ṣọ́ra. Bí ẹnì kan bá ní kí ẹ san gbogbo owó sínú àsùnwọ̀n tí ó jẹ́ orúkọ ara rẹ̀, tí kì í ṣe orúkọ ilé ìtura náà, ẹ dá a dúró. Ẹ kọ́kọ́ wá ẹni tí ó ti sùn níbẹ̀ rí, kí ẹ gba nọ́ńbà fóònù lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ẹ bá sì ti dé, ẹ wo yàrá kí ẹ tó gbé ẹrù wọlé. Kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn, fèrèsé, omi àti bẹ́ẹ̀dì ni kí ẹ fi ojú sí.

Ọkọ̀, owó àti fóònù

Kí ẹ tó gbéra, ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì wo búréèkì, táyà àti omi rédíétọ̀. Ẹ rí i pé táyà tí ẹ fi pamọ́ sí bùútù ní atẹ́gùn nínú, pé jáàkì sì wà pẹ̀lú rẹ̀. Ọ̀nà òkè ní ìlànà tirẹ̀. Bí ọkọ̀ bá ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè, tí awakọ̀ sì ń tẹ búréèkì títí láìgbẹ́sẹ̀, búréèkì yóò gbóná, bí ó bá sì ti gbóná jù, kò ní í mú mọ́. Jíà kékeré ni kí ẹ fi sí láti òkè wá, kí ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ máa fa ọkọ̀ sẹ́yìn, kí ẹ sì máa tẹ búréèkì lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

Ẹ ra epo kún táńkì ní Iléṣà, nítorí pé ilé epo kò pọ̀ láàárín àwọn ìlú orí òkè. Ẹ mú owó lọ́wọ́ pẹ̀lú, nítorí kì í ṣe gbogbo ìgbà ni ẹ̀rọ POS máa ń ṣiṣẹ́ níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò bá lágbára. Fún ìdí kan náà, ẹ kọ nọ́ńbà fóònù ilé ìtura àti ti ẹni tí ó ń retí yín sórí ìwé, kí ẹ sì sọ fún ẹnì kan nílé pé aago báyìí ni ẹ ó pè é. Bí ìjàǹbá ọkọ̀ bá ṣẹlẹ̀, 122 ni nọ́ńbà àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, 112 sì ni nọ́ńbà ìpè pàjáwìrì fún gbogbo orílẹ̀-èdè.

A kò lè sọ̀rọ̀ ìrìn-àjò kí a fi ọ̀rọ̀ àwọn ajínigbé sílẹ̀. Ní ọjọ́ 29, oṣù kìíní, ọdún 2024, àwọn agbébọn pa ọba méjì lójú ọ̀nà ní ìpínlẹ̀ Èkìtì. Òótọ́ ni pé ọ̀nà mìíràn ni ìyẹn ti ṣẹlẹ̀, òótọ́ sì ni pé àwọn ìpínlẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá ti dá ẹ̀ṣọ́ Àmọ̀tẹ́kùn sílẹ̀ láti ọdún 2020. Síbẹ̀, ọ̀nà tí ó dára lánàá lè má dára lónìí. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìrìn-àjò, ẹ pe ẹni tí ó ń gbé ní agbègbè náà, ẹ béèrè bí ọ̀nà ṣe rí. Ẹ tún béèrè lọ́wọ́ àwọn awakọ̀ èrò ní gáréèjì Iléṣà, nítorí ojoojúmọ́ ni wọ́n ń gba ibẹ̀. Bí wọ́n bá ní kí ẹ má ṣe gba ọ̀nà kan, ẹ má ṣe bá wọn jiyàn. Ẹ má sì ṣe gba ọ̀nà ẹ̀bùrú kankan nítorí pé fóònù ní ó yá ju ọ̀nà gbangba lọ.

Ọ̀rọ̀ àsìkò náà ṣe pàtàkì. Ní ìgbà òjò, omi Olúmirin máa ń pọ̀, òkè á sì tutù yọ̀yọ̀, ṣùgbọ́n òkúta máa ń yọ̀, òjò ìrọ̀lẹ́ sì lè bo ojú ọ̀nà. Ní ìgbà ọyẹ́, ojú ọ̀nà gbẹ, ṣùgbọ́n omi á dín kù, kùrukùru ọyẹ́ á sì bo àwọn òkè tí ẹ wá wò. Ẹ mú èyí tí ó bá ìrìn-àjò yín mu.

Òwúrọ̀ ọjọ́ kejì

Ẹni tí ó sùn ní Ìkógòsì yóò jí sí ohùn ẹyẹ àti ìró omi. Bí ó bá tètè jí, yóò rí oruku bí ó ti ń gòkè lórí omi gbígbóná nínú òtútù òwúrọ̀. Ìpólé-Ìlórò, níbi tí omi Àrìnta ti ń já láti orí àpáta, kò jìnnà síbẹ̀. Láti Ìkógòsì, ọ̀nà gba Igbárá-Odò àti Igbárá-Òkè lọ sí Àkúrẹ́. Ẹni tí ó bá jáde ní aago mẹ́jọ òwúrọ̀ yóò ti wọ ìlú kí ọ̀sán tó pọ́n, bí ó bá sì jẹ́ òde ni ó ń lọ, yóò ráyè wẹ̀, yóò ráyè wọ aṣọ ẹbí.

Bí ẹ bá ní ọjọ́ kẹta, Ìdànrè wà nítòsí Àkúrẹ́. Orí òkè náà ni àwọn ará Ìdànrè gbé fún ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ sí ìsàlẹ̀. Àkàsọ̀ tí ó lé ní 600 ni ẹ ó gùn kí ẹ tó dé ìlú àtijọ́ náà. Láti ọdún 2007 ni orúkọ rẹ̀ ti wà lára àwọn ibi tí orílẹ̀-èdè Nàìjíríà fẹ́ kí àjọ UNESCO kà mọ́ ohun àjogúnbá gbogbo ayé. Òwúrọ̀ kùtù ni kí ẹ gùn ún.

Gbogbo èyí kò ju oorun alẹ́ kan lọ. Owó yàrá kan àti oúnjẹ alẹ́ ni yóò ná yín, pẹ̀lú ọjọ́ iṣẹ́ kan tí ẹ ó tọrọ àyè rẹ̀. Àwọn ọmọ tí ìbá sùn kọjá láàárín àwọn òkè wọ̀nyí yóò mọ orúkọ wọn, baálé ilé tí ìbá máa bá oorun jà nídìí ọkọ̀ yóò sì nà gbalaja sórí ibùsùn ní aago mẹ́wàá alẹ́. Àwọn àgbà kì í fi àjò ṣeré. Àdúrà tí wọ́n máa ń gbà fún arìnrìn-àjò ni pé kí ó lọ ire kí ó sì bọ̀ ire, nítorí wọ́n mọ̀ pé kí a tètè dé dára, ṣùgbọ́n kí a dé láyọ̀ ni ó ṣe kókó.